Gba Agolo Kan, Dá Méjì Padà

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé télọ̀ ló ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, torí náà ẹ bá mi kí i. Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ má fi iyọ̀ sí i.

Mo wà dáadáa. Mo ń sanra. Iṣẹ́ ilé ìfọṣọ ń lọ déédéé, kò sí wàhálà kankan.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Nọ́ọ̀sì kan wà níbí tó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà. Wọ́n ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ wa, ọkọ rẹ̀ ti kan pákó yí ògiri ká, irúgbìn ló kún orí rẹ̀ bámúbámú. Ẹgbẹ́ Agolo Kan ni wọ́n pe ara wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àwa mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ náà, torí èmi náà ti wọ̀ ọ́. Tí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́, màá lọ jókòó tì wọ́n, a ó máa bu irúgbìn láti inú àpò ńlá sínú àpò bébà kéékèèké, a ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn abúlé tó ń dáko nílẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Ojú nọ́ọ̀sì ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo máa ń ka ohun tó wà lára àpò fún un.

Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá gba agolo kan, tó bá kórè, yóò dá méjì padà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ni yóò dá a padà fún o, abúlé tó múlé tì í ni yóò fún.

Mo ti sọ̀rọ̀ yín fún wọn. Agolo ogójì ló ń bọ̀ lọ́nà. Àgbàdo ni, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ní ṣùkù rẹ̀ tóbi bí apá ọkùnrin. Ẹ kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín jọ, kí ẹ pín in. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àgbàdo kéékèèké wa yẹn sílẹ̀. Ẹnu nìkan ló ń dùn mọ́, kì í yó ènìyàn.

Ọmọ yín,
Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ

Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ara mi le. Orúnkún ń ṣe tirẹ̀, mi ò dá sí i. Télọ̀ ní kí n sọ fún ọ pé òun ò fi iyọ̀ sí lẹ́tà rí, ata lòun máa ń fi sí i.

Àgbàdo yín dé, a gbìn ín, a kórè. Háà! Ọmọ mi, ojú mi rí ìyanu. Ṣùkù kan gùn láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Hóró rẹ̀ tò gún régé, kò sí ibi tó fò. Ìyàwó ọdẹ tí kì í yin ẹnikẹ́ni, tí kò yin ọkọ tirẹ̀ gan-an lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Òfin agolo méjì yẹn, mo dúró lé e gbọingbọin. Ojúlé dé ojúlé ni mo lọ. Ẹni tó ní ọ̀kan lòun máa dá padà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi bu ìkejì. Ọgọ́rin agolo ló pé. Abúlé òkè odò gba ogójì, abúlé ìsàlẹ̀ gba ogójì. A tọ́jú tiwa náà sórí àjà ìdáná. Ìyá Alágolo ni wọ́n ń pè mí báyìí, mo sì ń dáhùn.

O béèrè àgbàdo kékeré wa? A ti jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní oṣù karùn-ún, tí tuntun ò tíì gbó, mo ní kí oníkálukú kó irúgbìn àtijọ́ kúrò lórí àjà, kó lọ̀ ọ́. Kí la tún ń tọ́jú rẹ̀ sí? Èyí tó ṣẹ́ kù, a dà á fún adìẹ. Òkè odò àti ìsàlẹ̀ rí àgbàdo tuntun lórí ìdúró, àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ọdẹ nìkan ló bá mi jiyàn, mo sì pa á lẹ́nu mọ́ níwájú gbogbo ènìyàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Lọ́jọ́ tí ò ń lọ, mo di agolo mẹ́rin nínú àgbàdo wa sínú ìró mi tí mo fún ọ. Mo ní kí o gbìn ín níbi tí o bá dé. Ó di ọdún mẹ́rin, o ò sọ nǹkan kan. Ṣé o gbìn ín? Télọ̀ ní bóyá kọnkéré ni gbogbo ibẹ̀.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá

Màámi,

Ẹ kú oríire! Mo ka lẹ́tà yín fún nọ́ọ̀sì, ó sunkún ayọ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣe férémù fún un, ó ti wà lára ògiri báyìí. Ẹni tó bá wọlé, wọ́n á ní kó wá wo ìwé Ìyá Alágolo, bí wọn ò tilẹ̀ lè kà á.

Ní ti àgbàdo tí ẹ dì fún mi, ọwọ́ mi dí, màá sọ fún yín nígbà mìíràn. Ẹ máa gbin tuntun yẹn lọ. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nítorí mi, mo wà dáadáa, mo tún ń sanra sí i ni.

Ẹlẹ́rìn-ín yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún kejì

Ẹlẹ́rìn-ín,

Mi ò ní kí ọ púpọ̀, má bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju kíkí lọ.

A gbin àgbàdo tí a tọ́jú. Abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbìn ín. Ó hù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo rí i pé ọ̀kan kàn mí láyà, èkejì ò kọjá orúnkún, lórí ebè kan náà. Mo ní bóyá ilẹ̀ ni. Ìgbà tí òdòdó orí rẹ̀ yẹ kó máa gbọn ètù, lẹ́búlẹ́bú tó ń mú kó yọmọ, dà sílẹ̀, a fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ètù ò sí níbẹ̀. Irun yọ lára ṣùkù, ó dúró, ó dúró, ó gbẹ. Lánàá mo bó ogún. Hóró mẹ́ta níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, bí eyín ẹnu bàbá arúgbó. Àwọn mìíràn ò ní ẹyọ kan.

Òjò rọ̀ o. Kòkòrò ò jẹ ẹ́. A roko, ẹ̀yìn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́. Kí ló dé?

Àwọn ará òkè odò wá láàárọ̀. Wọn ò pariwo, ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n gbé agolo òfìfo méjì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Òjò àrọ̀kúrò ku oṣù méjì. O mọ̀ pé òjò kejì yẹn kì í pẹ́ níbí, àádọ́rin ọjọ́ péré, ó ti lọ. Àgbàdo wa àtijọ́ nìkan ló máa ń gbó láàárín àádọ́rin ọjọ́. Èyí tó wà lọ́jà ìlú, oṣù mẹ́rin ló ń gbà, yóò gbẹ kó tó yọmọ. Ọmọ mi, a ò ní irúgbìn. Abúlé mẹ́ta ò ní irúgbìn, èmi ni mo sì lọ láti ojúlé dé ojúlé. Bá mi bi àwọn ènìyàn rẹ, kí la ṣe tí kò dáa? Yára.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje

Màámi,

Ẹ ò ṣe nǹkan kan tí kò dáa. Èmi ni.

Mo bi nọ́ọ̀sì. Ó fìdí lélẹ̀ láàárín àwọn àpò òfìfo, ó ní, "Ṣé wọ́n tún un gbìn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní irú àgbàdo kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbìn ín. Àwọn tó ṣe é fi oríṣi méjì so pọ̀ kó lè so dáadáa, àmọ́ ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́, ètù tilẹ̀ lè má sí lórí rẹ̀. Ọdọọdún ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Ó ní irú rẹ̀ ò wọ yàrá òun rí, torí òfin agolo méjì. Ó bi mí léèrè pé, "Àpò wo ni? Ṣé wọn ò kọ ọ́ sára rẹ̀?"

Màámi, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Ó wà lára àpò ńlá náà gàdàgbà, ní lẹ́tà pupa: ẹ má tọ́jú rẹ̀ fún gbígbìn. Oníṣòwò kan ló fi àpò náà tọrẹ. Nọ́ọ̀sì ní kí n ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún òun, mo ka orúkọ àgbàdo náà, mo ka bó ṣe wúwo tó, mo fo ìyókù. Mo ní ọ̀rọ̀ oníṣòwò lásán ni, pé wọ́n kàn fẹ́ kí tálákà máa padà wá rà á ni. Mo ní ìyá mi mọ irúgbìn tọ́jú ju gbogbo wọn lọ. Èmi fúnra mi ni mo bù ú sínú àpò bébà ogójì, mo kọ "ẹ kú iṣẹ́ oko" sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ká àpò ńlá náà, mo jù ú nù. Inú mi ń dùn, Màámi. Mo ń kọrin bí mo ṣe ń ṣe é.

A ti fi gbogbo irúgbìn tó wà lọ́wọ́ wa ránṣẹ́ síbòmíràn, pákó òfìfo ló kù nínú yàrá wa báyìí. Nọ́ọ̀sì ń kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó mọ̀, pé kí wọ́n wá àgbàdo tó ń gbó láàárín àádọ́rin ọjọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì dá a lóhùn. Ó ti yọ lẹ́tà yín kúrò lára ògiri, ó ní ojú ń ti òun láti máa wò ó.

Mi ò mọ bí màá ṣe tọrọ àforíjì. Ẹ ṣáà má dákẹ́ sí mi.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù keje

O kà á. O kà á, o sì jù ú nù!

Mo ní kí télọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan síbí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ò ní kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ènìyàn. Mo ní kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà.

. . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . .

O mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó dáa. Inú mi ti rọ̀ díẹ̀. Gbọ́ èyí wàyí. Ìyàwó ọdẹ wá bá mi lánàá. Mo rò pé ó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó jókòó, ó ní, "Ìyá Alágolo, ìró tí ọmọ rẹ gbé lọ ńkọ́?" Mo lọgun! Agolo mẹ́rin! Agolo mẹ́rin àgbàdo wa gangan wà lọ́wọ́ rẹ, mo sì jókòó síbí mò ń sunkún!

Kò ní tó jẹ, mo mọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan á gba ẹ̀kúnwọ́ kan, a ó gbìn ín ní àrọ̀kúrò, a ò ní fẹnu kàn án, gbogbo rẹ̀ la ó fi ṣe irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ebi á pa wá lọ́dún yìí, àmọ́ a ó mọ ọjọ́ tí yóò tán. Mo ti sọ fún wọn. Òkè odò ti ń kọ ebè, ìsàlẹ̀ ti ń kọ ebè. Àwọn tó ti di ẹrù pé àwọn ń lọ wáṣẹ́ nílùú ti tú ẹrù wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n tú u.

Fi ránṣẹ́. Lónìí. Má dúró wá àpò tó dáa, dì í bó ṣe wà.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ

Ẹlẹ́rìn-ín,

Òjò dé lánàá. Ó wọlẹ̀ dáadáa. Ebè ti wà nílẹ̀ ní abúlé mẹ́ta, kò sí ohun tí a máa jù sínú rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ sí ibi tí ọkọ̀ lẹ́tà ń dúró. Dírẹ́bà ò tilẹ̀ dúró kí n béèrè mọ́, ó máa ń mi orí sí mi láti òkèèrè. Ṣé àyè tí mo fi sílẹ̀ nínú lẹ́tà yẹn lò ń bínú sí? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti mú un kúrò. Dá mi lóhùn, mo bẹ̀ ọ́. Èmi ìyá rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́.

*Èmi télọ̀ nìyí. Ìyá rẹ ti wọlé, kò mọ̀ pé mo fi èyí kún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà, mo mọ ohun tí kí ènìyàn má dáhùn máa ń jẹ́. Tí ohun tó wà nínú ìdì yẹn bá ti tán, gbé ìró náà, fi abẹ́rẹ́ tú etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ gbé e wá fún mi kí n ṣẹ́ etí rẹ̀, mo da ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àgbàdo wa sínú ìṣẹ́tí kí n tó rán an. Àwàdà ni mo fi ṣe, kí aṣọ lè máa dún lára rẹ tí o bá ń rìn láàárín àwọn àjèjì. Tú u, ọmọ mi.*


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí nígbà méje, mo sì ya á. Mo jẹ àgbàdo náà.

Ọdún tí mo dé ni, nígbà òtútù. Ẹ ò mọ̀ pé mi ò tíì níṣẹ́ ilé ìfọṣọ nígbà yẹn. Ibi tí mo kọ́kọ́ ti ń fọ abọ́, wọ́n ní kí n má wá mọ́. Yàrá tí mò ń gbé ò ju ibùsùn kan lọ, àwa méjì là ń pín in, tí ẹnì kejì bá lọ síbi iṣẹ́ ni mo tó lè sùn. Mo ta bàtà mi. Ìgbà tí kò sí ohun tí mo tún lè tà, mo tú ìró yín. Mo se àgbàdo inú rẹ̀ nínú ìkòkò tí mo yá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mi ò ní jẹ ju báyìí lọ, màá gbin ìyókù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé sí yín pé mò ń sanra.

Mo tú etí aṣọ náà bí télọ̀ ṣe wí. Mo ti ń fi ìró yẹn ṣe ìrọ̀rí láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé kókó òwú ni mò ń fọwọ́ bà. Èyí tó ti lọ̀ kúnná pọ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ṣì pé. Ẹnì kan tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sọ́dọ̀ yín ń bọ̀ lọ́la, òun ni yóò mú un wá. Nọ́ọ̀sì fi òwú wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Màámi. Ẹ ti ní kí abúlé mẹ́ta kọ ebè. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún wọn. Ẹ ní kọ́sítọ́ọ̀mù gbà á. Ẹ ní eku jẹ ẹ́. Ẹ ṣáà má sọ pé èmi ni.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá

Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ mi,

Ó dé. Mo kà á níwájú gbogbo wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Télọ̀ ní kí n purọ́ bí o ṣe wí. Mi ò ṣe é. Mo dìde dúró láàárín abúlé mẹ́ta, mo ní, "Ọmọ mi jẹ ẹ́. Ebi pa á níbi tó lọ, ó jẹ ẹ́." Mo ti ń retí èébú. Ìyàwó ọdẹ béèrè pé, "Ṣé ó yó?"

Mo ní màá bi ọ́. Ṣé o yó?

A gbin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná mi, ìyàwó ọdẹ àti èmi. Mọ́kànlá ló hù. Adìẹ ja ọ̀kan, mo pa adìẹ náà lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́wàá ló kù. Òjò ti lọ, a sì ń pọnmi odò sí i. Àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jókòó tì í, mo ti gbé àga mi síbẹ̀. Ó ti yọ irun. Òdòdó orí rẹ̀ ní ètù, mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi pọ́n bí ẹni fọwọ́ kan epo.

Àmọ́ ọdún yìí ti lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ààbọ̀ òkè odò ti kó lọ sí ìlú lọ wáṣẹ́. Wọ́n kọjá níwájú ilé mi, àwọn kan kí mi, àwọn kan ò kí mi. Ebè tí mo ní kí wọ́n kọ, koríko ló hù sórí rẹ̀. Agolo òfìfo méjì yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Tí mẹ́wàá yìí bá gbó, òun ni màá kọ́kọ́ kún, kí n gbé e lọ fún ẹni tó bá kù lókè odò. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó gbé lẹ́tà mi padà sára ògiri, kó gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpò yẹn, ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní tàn ọ́. Ó lè pẹ́ kó tó tán nínú mi. Àmọ́ ti ìró, má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi mọ́. Oúnjẹ ni mo dì fún ọ. Mo ní kí o gbìn ín torí mo mọ̀ ọ́. Ká ní mo ní kí o jẹ ẹ́ tí ebi bá pa ọ́, ò bá sọ pé ebi ò lè pa ọ́, ò bá fi í sílẹ̀ sórí ibùsùn nílé. Ohun tí mi ò lè dárí jì ọ́ ni pé o ń ṣa àgbàdo jẹ lábẹ́ ibùsùn, o sì ń kọ̀wé sí mi pé o ń sanra. Mo fi lẹ́tà yẹn yangàn káàkiri abúlé. Mo ní ẹ wá wò ó, ọmọ mi ń sanra.

Má kọ "mo wà dáadáa" sí mi mọ́ láyé. Tí o bá fẹ́ kọ lẹ́tà, kọ ohun tí o jẹ lánàá. Èmi náà á kọ tèmi, télọ̀ ni ẹlẹ́rìí. Lánàá, ewé tí mo já lẹ́bàá odò ni mo sè, mo fi iyọ̀ sí i. Mo jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, mo mu omi rẹ̀ lálẹ́.

Ìwọ ńkọ́?

Ìyá rẹ